Mo Wá Sùlé Láàárín Kóòdù Gbogbo Ayé

Olùdarí àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ní Dansoman, nílùú Accra, ló ní kí n kọ eléyìí. Ó ní àwọn ọmọ tó ń jáde ilé-ìwé kò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, pé kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì sọ tiwa fún wọn. Màmá kan tó ṣe nọ́ọ̀sì ti kọ tirẹ̀. Bàbá kan tó ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema náà ti kọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, olùdarí yìí rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, kí gan-an là ń pe iṣẹ́ yín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyàwó mi fi dáhùn ìbéèrè yẹn kí ó tó kú. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Dansoman bá bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe jẹun, a ní, "Ó ń wá nǹkan." Wọn a ní, "Ṣé ó ti rí i?" Òun a ní, "Kò tíì rí i." Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Tó bá délé, a ròyìn rẹ̀ fún mi, èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ilé yìí ti dákẹ́ báyìí. Kò sí ẹni tí ń bi mí bóyá mo ti rí i.

Nǹkan tí mo ń wá nìyí. Káàkiri ayé, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kì í tà á. Wọ́n á tú gbogbo inú rẹ̀ síta fún aráyé: kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, àti ìwé àlàyé tó ń sọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn. Irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà, ẹni tó sì nílò ọ̀kan nínú wọn lè má mọ̀ rárá pé ó wà. Ilé-ìwé kan á fẹ́ ètò tí yóò máa ṣe èsì ìdánwò. Ilé ìwòsàn kan á ti ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa ṣe ségesège níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n á wá bá wa. Àwa á wọ inú kóòdù àti ìwé àlàyé gbogbo ayé lọ, a ó máa wá ibi tí ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn láti ìgbà tí irun mi dúdú.

Adabraka ni wọ́n bí mi sí, ní Accra yìí náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, bàtà ló ń tà. Ó rán mi lọ sí yunifásítì ní Legon, mo ka ìṣirò. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá gbé mi kọjá ẹnu ọ̀nà Legon, mo máa ń yí ojú wo òkè lọ́hùn-ún, bíi pé mo máa rí ara mi tí mò ń bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà àti iye tí wọ́n ń san kò ní ìtàn nínú. Ọ́fíìsì kékeré kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé ní Adabraka. Àwa méjì la jọ bẹ̀rẹ̀, èmi àti Sùlé.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Ga. Ataa Tẹ́tè là ń pè é, torí Ataa ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin lédè wọn. Ó tínrín bí ọ̀pá, kì í gbé ohùn sókè, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá ju ti ẹni tó ń pariwo lọ. Òfin tó kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti wá ohunkóhun láìjẹ́ pé ó ti fi ẹnu sọ ohun tí ẹni tó kọ kóòdù náà ń rò nígbà tó ń kọ ọ́. Mo rò pé àṣejù àgbà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan mú ẹjọ́ wá. Ètò wọn ń ka àwọn arúgbó sí ẹni tí wọn kò tíì bí. Màmá kan tó ti rí ọmọ-ọmọ, kọ̀ǹpútà ní ó di ọdún púpọ̀ sí i kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀. Mo jókòó, mo tẹ "aláìsàn" sínú ẹ̀rọ kí ó bá mi wá a nínú kóòdù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí mo máa kà. Ataa dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Kí lo tẹ̀?"

"Aláìsàn, Ataa."

"Ta ló sọ fún ọ pé aláìsàn wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́? Kò rí aláìsàn kankan. Ó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe ka ọdún. Ìwọ lò ń rí aláìsàn."

"Nítorí pé aláìsàn ló ń yọ ilé ìwòsàn lẹ́nu, Ataa."

"Ṣé ilé ìwòsàn ló kọ ọ́?"

Sùlé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ataa yí sí i. "Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, bọ́ sí bákónì kó o lọ ka ìwé àlàyé rẹ̀ sókè. Alata kejì, tẹ̀ lé e."

Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra nìyẹn, Alata. Ìyà tí Ataa sì máa ń fi jẹ wá nìyẹn: kí á dúró ní bákónì nínú oòrùn, kí á máa ka ìwé àlàyé sókè fún ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí á tó padà wọlé sídìí kóòdù. Ó ní kóòdù ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ìwé àlàyé ló ń sọ ohun tí ènìyàn fẹ́. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà nísàlẹ̀ a gbójú sókè, a pariwo pé, "Ẹ̀yin ará òkè! Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ dá sílẹ̀ ni? Ẹ jọ̀wọ́, mo ní oníbàárà!" Sùlé a dá a lóhùn láti òkè, "Màmá, ẹ ṣe àmín!"

Ọmọ Madina Zongo ni Sùlé. Ọ̀fà làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ Ọ̀fà bí kò ṣe lẹ́nu. Ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ Haúsá, ó ń sọ Twi àti Gẹ̀ẹ́sì, tó bá sì ń bínú, ó máa ń pò wọ́n pọ̀ bí ẹní ń po ìrẹsì wàákyé mọ́ ata ṣítò. "Prófẹ́sọ̀" ló ń pè mí nítorí Legon tí mo lọ. Èmi ń pè é ní "Ìmáàmù". Kò sí ẹni tí mo bá rẹ́rìn-ín tó o láyé mi, yàtọ̀ sí ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa irinṣẹ́ wa díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá íńtánẹ́ẹ̀tì nílé. Nígbà náà, ojú ìwé kan lè gba àkókò tí ènìyàn fi máa jẹ kẹ́ńkẹ́ tán kí ó tó ṣí. Nítorí náà, inú sídíì ni kóòdù ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ ni Ataa máa ń bẹ̀ kó bá òun gbé e. A ó da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí Sùlé sọ ní Màmá Àgbà. Ibẹ̀ la ti ń wá nǹkan: a ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ á máa lọ láti ìwé dé ìwé, ìlà dé ìlà, á máa kùn bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Bí dumsor bá mú iná lọ láàárín, a ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nítorí ìyẹn, kí á tó tẹ ọ̀rọ̀ kan, a ti rò ó dáadáa. Ẹ̀yin lè tẹ ohunkóhun báyìí, ẹ̀rọ yín kò ní kùn. Mi ò bú yín. Mo kàn ń sọ pé a máa ń rò ó ni.

Nígbà tó yá, Sùlé bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò tirẹ̀. Èrò náà wá sí i lọ́kàn nínú trotro. Lójoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ láti Madina wá sí ìgboro, ó sì ń padà. Kò sí ìwé kankan tó sọ ìgbà tí trotro máa dé tàbí ìgbà tó máa gbéra. Ọkọ̀ ń lọ nígbà tó bá kún. Síbẹ̀ ará Accra mọ bí òun ṣe máa dé ibi tó ń lọ. Sùlé ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí gbogbo mátẹ̀ tó ń gba owó ọkọ̀ nínú trotro mọ̀: bí ènìyàn ṣe lè dé ilé ní ibi tí ọkọ̀ kò ti ní àkókò. Lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń kọ ọ́. Gbogbo wa á ti lọ, òun á jókòó ti Màmá Àgbà. Ìyàwó rẹ̀, Ràbíátù, a máa bínú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mọríámọ̀, ọmọ náà sì ti máa ń sùn kí bàbá rẹ̀ tó délé.

Bí ó ṣe parí rẹ̀, ó kọ ìwé àlàyé sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e fún Ataa kí ó wò ó. Gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀, orúkọ ibùdókọ̀ ọ̀nà Madina ló fi ṣe é: Circle, 37, Shiashie, Okponglo, Atomic, Zongo Junction.

Ataa yọ awò ojú. "Sùlé, kí ni ẹni tó wà lókè òkun fẹ́ fi Shiashie ṣe?"

"Ataa, kí ni mo fi àwọn ìlú tiwọn ṣe nígbà tí mò ń ka ìwé wọn? Mo kọ́ wọn ni. Kí àwọn náà kọ́ tiwa."

"Wọ́n á rò pé orúkọ oògùn ni."

"Tó bá ṣáà ti wo ibà wọn sàn, Ataa."

Ataa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé mo rántí ibi tí oòrùn wà nígbà yẹn, lára ògiri lápá ọ̀tún. Ó ní kí Sùlé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sùlé gbé ètò náà sí ibùdó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àwọn aláìtà bíi tirẹ̀ ti ń tọ́jú iṣẹ́ wọn pamọ́ fún gbogbo ayé. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa ló fi forúkọ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ la ti ń gba lẹ́tà íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Accra, mi ò ní máa ṣàlàyé òjò fún yín. Ìsàlẹ̀, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ni a gbé Màmá Àgbà sí, torí ooru páànù òkè kò dára fún un. Omi gba gọ́tà, ó gba ojú títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a fi máa dé ní òwúrọ̀, agolo ọ̀dà ń léfòó kiri, funfun àti búlúù ti pò mọ́ ẹrẹ̀. Ataa ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ó dúró nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí Màmá Àgbà bí ẹni tó ń wo ibà ọmọ. Ó ní, "Ao," bí àwọn Ga ṣe máa ń kẹ́dùn. Gbogbo sídíì wa wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. A sá wọn sí bákónì, níbi tí a ti ń ka ìwé. Kò sí èyí tó jí.

Ataa kò dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ mọ́. Ó lọ sí ilé wọn ní Teshie, ibẹ̀ ló sì kú sí. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, èmi àti Sùlé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sùlé ní, "Prófẹ́sọ̀, ta ló máa rán wa lọ sí bákónì báyìí?"

Mo ń dá ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Àwọn ibùdó kan dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wá inú kóòdù gbogbo ayé fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o tó mí. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé ẹni tó ń wá nǹkan kò ka ìwé àlàyé mọ́. Wọ́n á rí ìlà kan, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn, wọ́n á lọ. Sùlé rí iṣẹ́ ní báńkì kan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un. Nígbà tí mo bá lọ kí i ní Madina, a máa jókòó sí iwájú ilé, apá ọ̀tún rẹ̀ a wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí nǹkan ẹlòmíràn. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ẹni tó mọ èdè mẹ́rin. Ó kú nínú oṣù Ààwẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni mo lọ wo ètò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n kàn rí ọwọ́ rẹ̀. Ibùdó náà ti kógbá wọlé. Wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní iṣẹ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n wá kó o. Ti Sùlé ti lọ sí àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa, ọ́fíìsì tí omi ti gbé lọ. Kò sí ẹni tó ṣí i. Ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ wa, inú Màmá Àgbà ló wà.

Ọdún díẹ̀ kọjá kí Mọríámọ̀ tó wá bá mi ní Dansoman. Ó ti di ìyá ọmọ. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ó ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde.

"Bàbá Dansoman, ẹ káàsán o."

"Mọríámọ̀, ọmọ Ìmáàmù! Ṣé àlàáfíà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ó ń tì mí lójú."

Ó jókòó sórí àga, ó ń yí fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní nígbàkígbà tí wọ́n bá pàdé nínú ẹbí, àwọn àbúrò bàbá òun máa ń ní Sùlé fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò kọ́lé, kò lọ Mẹ́kà, kò sì sí ohun kan tí ọmọ rẹ̀ lè nàka sí. Ó fi èdè ìgboro Accra bẹ̀rẹ̀: "Chale, wọ́n ní ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Bàbá, èmi náà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ohun tí mo rántí nípa Baba ni pé tó bá délé, mo ti sùn. Mo fẹ́ mọ ibi tó ń wà. Ṣé ó kọ nǹkan kan lóòótọ́? Mo fẹ́ rí i. Ohun kan péré."

Lẹ́yìn náà ló fi fóònù hàn mí. Ó ti bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń dáhùn bí ènìyàn. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn pẹ̀lú ẹnu dídùn: ó ní bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá, ó dárúkọ ètò tó kọ, ó sì júwe ojú ìwé tó wà. Mo wọ ibẹ̀. Kò sí ojú ìwé kankan níbẹ̀. Mo wá orúkọ ètò náà. Kò sí i láyé rí.

Mọríámọ̀ wò mí. "Ó parọ́?"

"Kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rí i pé o fẹ́ ìdáhùn, ó fún ọ ní ọ̀kan."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ lè wá a?"

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ ní kó lọ bá?

Ó gba àkókò gígùn. Mo mọ̀ pé ìrètí kan wà: bí ẹnikẹ́ni bá ti mú ètò Sùlé lò nígbà tí ibùdó yẹn wà láàyè, ẹ̀dà rẹ̀ lè wà nínú iṣẹ́ onítọ̀hún. Mo wá orúkọ Sùlé. Mo wá orúkọ bàbá rẹ̀. Mo wá orúkọ tó sọ ètò náà. Kò sí. Bí àwọn ènìyàn bá ń kó iṣẹ́ láti ibùdó kan sí òmíràn, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ máa ń já bọ́ lọ́nà, orúkọ ẹni tó kó o dé ló máa wà lórí rẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ ètò tó ń ṣe irú nǹkan tí tirẹ̀ ń ṣe, mo ń ka ìwé àlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohùn rẹ̀ nínú wọn. Mọríámọ̀ ń pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Kì í béèrè. A kàn ní, "Bàbá, mo ní kí n kí yín." Èmi náà a ní, "Mo wà níbẹ̀ o, ọmọ mi." Àìbéèrè rẹ̀ ń dùn mí, ìtìjú sì mú mi pé mo wá nǹkan fún gbogbo ìlú, n kò rí ti ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ kan, mo gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, Ataa, mo ti wá Sùlé títí. Ó sì dà bí ẹni pé mo gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe máa dáhùn: Ṣé Sùlé ló wà lọ́kàn Sùlé nígbà tó ń kọ ọ́?

Mo dìde. Mo wọlé. Mo tẹ Shiashie, mo tẹ Okponglo tẹ̀ lé e.

Ó jáde. Ibì kan ṣoṣo.

Ìlú kan ni lókè òkun, níbi tí òkè pọ̀, tí yìnyín ń bo ojú ọ̀nà, tí bọ́ọ̀sì kò sì ní àkókò. Àwọn kan níbẹ̀ kọ ètò tí àwọn ará abúlé fi ń mọ bí wọ́n ṣe máa délé. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ìdánwò kan wà. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ni pé tí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kékeré kan padà nínú ètò, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ṣe àwọn ìdánwò kan, láti mọ̀ bóyá kò ba nǹkan jẹ́. Bí ìdánwò bá kùnà, wọn kò ní gba àyípadà náà wọlé. Ìdánwò tí mo rí yìí, ọwọ́ Sùlé ni. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kà á dé ìdajì.

Ẹnìkan lára àwọn ará ibẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: a kò mọ ibi tí àwọn ibùdókọ̀ wọ̀nyí wà, a kò sì mọ ẹni tó kọ wọ́n; ẹ má ṣe yọ wọ́n, ìdánwò yìí kò tàn wá jẹ rí.

Mo kọ̀wé sí wọn. Obìnrin kan ló fèsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Ó ní orúkọ ti já kúrò lórí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé àwọn yóò fi orúkọ Sùlé sí i bí mo bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ló kọ ọ́. Ẹ̀rí mi wà nínú omi Adabraka. Ataa tó rí i ti kú. Èmi nìkan ló kù, ohun tí mo sì ní láti fi hàn kò ju pé mo mọ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń ronú.

Mo ránṣẹ́ pe Mọríámọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ìkankan pamọ́: pé mo rí iṣẹ́ náà, pé kò sí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí rẹ̀, pé ó lè má sí láéláé. Ó mi orí. Mo rí i pé ó ti ń múra ọkàn sílẹ̀ láti dúpẹ́ kó máa lọ. Mo ní kó sún mọ́ mi, kó kà á fúnra rẹ̀.

Ó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe máa ń kà á ní bákónì. Èrò ọkọ̀ kan wà ní Adabraka. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa rìn dé Circle. Circle, 37, Shiashie, Okponglo, Atomic, Zongo Junction. Ibi tó ń lọ ni…

Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn.

Mo ní, "Kà á."

"Bàbá, orúkọ mi ni."

"Kà á, ọmọ mi."

Ibi tó ń lọ ni ọ̀dọ̀ Mọríámọ̀. Ìbéèrè tí ìdánwò náà ń bi ẹ̀rọ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ó máa dé kí Mọríámọ̀ tó sùn? Ìdáhùn tó gbọ́dọ̀ jáde, tí wọn kò ní gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wọlé láìsí i, ni pé ó dé.

Ó fa ìbòrí rẹ̀ sójú. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé kí n má bàa wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yìí?"

"Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà."

"Lójoojúmọ́?"

"Ọ̀pọ̀ ọjọ́."

"Ṣé ó ti kùnà rí?"

"Bí ó bá kùnà, wọ́n á tún ètò náà ṣe títí yóò fi dé."

Ó ní kí n má kọ̀wé sí àwọn ará ibẹ̀ mọ́ nípa ẹ̀rí. "Àwọn àbúrò Baba ni mo máa fi hàn. Wọ́n á rí orúkọ mi. Ọmọ ta ni wọ́n máa rò pé èmi jẹ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá yóò wà nígbà tí ẹ bá dàgbà. Ì bá dùn mọ́ mi kí ìyàwó mi wà lọ́jọ́ yẹn, kí ó lè lọ sọ fún wọn lọ́jà pé mo rí i. Sùlé kò délé kí ọmọ rẹ̀ tó sùn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọmọ náà mọ̀ ọ́n jù.

Kí ó tó lọ wọ ọkọ̀ Madina, Mọríámọ̀ ní òun fẹ́ rí i bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ àṣẹ. Kò pẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú. Ìdáhùn jáde sójú ẹ̀rọ: ó dé.

Mọríámọ̀ fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí. "Ẹ tún un ṣe, Bàbá."

Mo tún un ṣe.